Adé Ẹni Òróró Nínú Eruku

Sáàmù 89 dùn ún kà títí dé ẹsẹ 37. Olórin ní òun yóò máa kọrin àánú Olúwa títí láé. Ó ní Ọlọ́run ti rí Dáfídì ìránṣẹ́ rẹ̀, ó ti fi òróró mímọ́ yàn án, ọ̀tá kò ní rí i rẹ́ jẹ, ọmọ ìwà búburú kò sì ní pọ́n ọn lójú. Ọwọ́ ọba náà yóò wà lórí òkun, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ yóò wà lórí àwọn odò. Ọlọ́run yóò fi í ṣe àkọ́bí, yóò gbé e ga ju àwọn ọba ayé lọ. Ìtẹ́ rẹ̀ yóò wà bí oòrùn, a ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ bí òṣùpá. Bí àwọn ọmọ rẹ̀ bá tilẹ̀ ṣẹ̀, ọ̀pá ni a ó fi nà wọ́n, májẹ̀mú kò ní yẹ̀. Ọlọ́run fi ìwà mímọ́ ara rẹ̀ búra lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa máa ń dúró sí, tí a ó ṣe àmín, tí a ó sì ṣí Bíbélì lọ sí Sáàmù 91.

Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ 38 dé: "Ṣùgbọ́n ìwọ ti ṣá tì, ìwọ sì kórìíra, ìwọ ti bínú sí ẹni òróró rẹ." Olórin kò fi ohunkóhun bò ó. Ẹnu kan náà tó ń ka ìbúra Ọlọ́run bí ẹni ń ki ọba ló yí sí Ọlọ́run, tó sì ń ka ẹ̀sùn sí i lọ́rùn: ìwọ ló sọ májẹ̀mú ìránṣẹ́ rẹ di òfo, ìwọ ló sọ adé rẹ̀ sínú eruku, ìwọ ló wó ọgbà rẹ̀ lulẹ̀ tí gbogbo ẹni tó ń kọjá lọ fi ń kó o. Ìwọ ló gbé ọwọ́ ọ̀tún àwọn ọ̀tá rẹ̀ sókè, ìwọ ló yí ojú idà rẹ̀ padà, ìwọ ló gé ọjọ́ èwe rẹ̀ kúrú. Kò dárúkọ ogun tó jà. Kò dárúkọ ọba àjèjì kankan. Ẹni tó búra ni ó ń pè lẹ́jọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni náà ló sì fi ń jẹ́rìí.

Kò rí ìdáhùn gbà. Ó bèèrè pé yóò ti pẹ́ tó, Olúwa yóò ha fi ara rẹ̀ pamọ́ títí láé? Ó bèèrè ibi tí àánú àtijọ́ wà, àánú tí Ọlọ́run fi òtítọ́ rẹ̀ búra fún Dáfídì. Ó ní kí Ọlọ́run rántí ẹ̀gàn tí òun ń gbé ní àyà, ẹ̀gàn tí àwọn ọ̀tá fi ń tọ ipasẹ̀ ẹni òróró lẹ́yìn. Orin parí síbẹ̀. Lóòótọ́, ẹsẹ 52 ní "Olùbùkún ni Olúwa títí láé. Àmín àti Àmín," ṣùgbọ́n ẹsẹ yẹn ni èdìdì ìwé kẹta nínú ìwé márùn-ún tí a pín Sáàmù sí, irú rẹ̀ wà ní ìparí Sáàmù 41, 72 àti 106. Ẹni tó to àwọn orin náà jọ kọ ìyìn sí ìsàlẹ̀, kò sì pa ẹkún tó wà lókè rẹ́. Mo fẹ́ràn onítọ̀hún, ẹnikẹ́ni tó wù kó jẹ́.

Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn, nítorí bí a ṣe ń lo "ẹni òróró" láàrin wa. Lẹ́nu wa, ibi tí òróró bá wà, ìyà kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Bí ìyà bá wá dé, a ó wá ẹ̀ṣẹ̀ tàbí ọ̀tá tó fà á, tàbí kí a máa sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé òróró ti kúrò lára ẹni náà. Àwọn akéwì inú Bíbélì kò ronú báyìí. Nínú ewì wọn, orí tí a da òróró lé gan-an ni ìjì ń kọ́kọ́ bá, ìṣẹ́gun tó bá sì dé máa ń rántí ibi tó ti jáde wá. Bí orin kan bá tilẹ̀ fi ìyà sílẹ̀ láì mẹ́nu bà á, bíi Sáàmù 21 tàbí 72, àwọn orin tó yí i ká kì í jẹ́ kó dá dúró. Sáàmù 72 fi gbogbo ayé sábẹ́ ẹsẹ̀ ọba. Èyí tó tẹ̀ lé e ni ti ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ̀ nígbà tó rí àlàáfíà àwọn ènìyàn búburú.

Ta ni ọba tí adé rẹ̀ wà nínú eruku yìí? Sáàmù náà kò sọ. Àwọn olùwádìí kan rò pé "ọjọ́ èwe rẹ̀ ni ìwọ gé kúrú" bá Jehoiákínì mu. Ọmọ ọdún 18 ni nígbà tó gun orí ìtẹ́ ní Jerúsálẹ́mù, oṣù mẹ́ta péré ló sì lò. Ní 597 ṣáájú ìbí Krístì, Nebukadinésárì ọba Bábílónì dó ti ìlú náà, ọ̀dọ́mọkùnrin náà jáde tọ̀ ọ́ lọ pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn ìjòyè rẹ̀, wọ́n sì kó wọn lọ sí Bábílónì. Ohun tó wá ya mi lẹ́nu nínú ìtàn rẹ̀ kò sí nínú Bíbélì. Robert Koldewey àti àwọn awalẹ̀pìtàn ará Jámánì tó bá a ṣiṣẹ́ hú àwọn wàláà amọ̀ jáde ní Bábílónì, Ernst Weidner sì tẹ díẹ̀ nínú wọn jáde ní 1939. Ìwé ìṣirò ààfin ni wọ́n: òróró tí wọ́n ń wọ̀n fún àwọn àjèjì tó ń jẹun lábẹ́ ọba. Orúkọ Jehoiákínì ọba Júdà wà níbẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ márùn-ún sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀kan nínú àwọn wàláà náà jẹ́ ti 592 ṣáájú ìbí Krístì.

Ẹ jẹ́ kí a ro èyí wò. Ọba yìí ti ìran Dáfídì wá, ìran tí Sámúẹ́lì da ìwo òróró lé lórí ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Ní Bábílónì, akọ̀wé ilé ìṣúra ẹni tó kó o lẹ́rú ló ń wọn òróró fún un, tó sì ń kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Mi ò mọ akéwì tó lè ronú kan àwòrán tó le ju èyí lọ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe akéwì ló kọ ọ́. Ní ọdún kẹtàdínlógójì ìgbèkùn rẹ̀ ni ọba Bábílónì mìíràn mú un kúrò nínú túbú, ó pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, ó sì ń jẹun níwájú rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Orí ìròyìn yìí ni Ìwé Àwọn Ọba parí sí. Orí rẹ̀ ni a gbé sókè, ìtẹ́ rẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù ṣì wó lulẹ̀.

Ti Sedekáyà, arákùnrin bàbá rẹ̀ tó jọba tẹ̀ lé e, burú ju ìyẹn lọ. Nígbà tí Jerúsálẹ́mù ṣubú ní nǹkan bí 586, ó sá jáde lóru, wọ́n sì lé e bá ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Jẹ́ríkò. Wọ́n pa àwọn ọmọ rẹ̀ lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n fọ́ ojú náà, wọ́n sì fi ẹ̀wọ̀n idẹ dè é lọ. Ikú àwọn ọmọ rẹ̀ ló rí kẹ́yìn. Òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìwé Ẹkún Jeremáyà ń sọ ní orí 4, ẹsẹ 20: èémí ihò imú wa, ẹni òróró Olúwa, ni wọ́n mú nínú ọ̀fìn wọn, òun tí a ti ń sọ pé lábẹ́ òjìji rẹ̀ ni a ó máa gbé láàrin àwọn orílẹ̀-èdè. Ìwé Àwọn Ọba kò fi Sedekáyà ṣe ọba rere. Akéwì náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ń pè é ní èémí imú gbogbo ìlú. Ó wà nínú ọ̀fìn, ojú rẹ̀ ti fọ́, ẹni òróró Olúwa ṣì ni. Títí di òní àwọn Júù ń ka ìwé yìí ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Ábù, ọjọ́ ààwẹ̀ tí wọ́n fi ń rántí ìparun Tẹ́ńpìlì. Ilẹ̀ tàbí àpótí kékeré ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń jókòó lé bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, ẹsẹ náà kò sì yọ sílẹ̀ nínú ohun tí wọ́n ń kà.

Ẹ̀yìn odi ààfin ni ọ̀rọ̀ ẹni òróró ti bẹ̀rẹ̀ nínú orin Ísírẹ́lì, lẹ́nu obìnrin tí wọ́n ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò bímọ. Hánà ni. Pẹ̀nínà orogún rẹ̀ máa ń mú un bínú lọ́dọọdún tí wọ́n bá gòkè lọ sí ilé Olúwa ní Ṣílò, tí yóò fi máa sunkún tí kò ní jẹun. Nígbà tó bí Sámúẹ́lì, tó sì gbé e lọ fún Olúwa, ó kọ orin kan. Ó ní ọrun àwọn alágbára ti ṣẹ́, ẹni tó yàgàn ti bí méje, Olúwa ń gbé tálákà sókè láti inú eruku. Ẹsẹ tó kẹ́yìn ló sọ pé Olúwa yóò fi agbára fún ọba rẹ̀, yóò sì gbé ìwo ẹni òróró rẹ̀ sókè. Kò tíì sí ọba ní Ísírẹ́lì nígbà náà. Ọmọ tó wà lọ́wọ́ obìnrin náà ni yóò dàgbà wá da òróró lé ọba àkọ́kọ́ lórí. Àwa tí a mọ ohun tí ojú obìnrin tí wọ́n ń pè ní àgàn máa ń rí nínú agbo ilé ọkọ, ó yẹ kí a gbọ́ orin yìí dáadáa. Ẹni tó kọ́kọ́ kọrin ìṣẹ́gun ẹni òróró ti jẹ ìyà ara rẹ̀ kó tó la ẹnu.

Ọba àkọ́kọ́ náà, Sọ́ọ̀lù, parí ayé rẹ̀ lórí òkè Gílíbóà. Àwọn Fílístínì gé orí rẹ̀, wọ́n sì kan òkú rẹ̀ mọ́ odi Bẹti-ṣánì. Dáfídì, ẹni tí Sọ́ọ̀lù ti ń lé kiri bí ẹran ìgbẹ́, ni ó sun ún ní ẹkún, ìdárò náà sì wà ní orí kìíní Sámúẹ́lì Kejì. Ó fi àwọn òkè Gílíbóà ré pé kí ìrì má sẹ̀ sí wọn, kí òjò má rọ̀ sí wọn, nítorí níbẹ̀ ni asà Sọ́ọ̀lù ti bọ́ sílẹ̀ bí ẹni pé a kò fi òróró yàn án. Ó ní kí wọ́n má sọ ọ́ ní Gátì, kí àwọn ọmọbìnrin Fílístínì má baà yọ̀. "Báwo ni àwọn alágbára ti ṣubú!" ló ń tún sọ, léraléra. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìrèmọ̀jé rí níbi òkú ọdẹ yóò mọ irú ohùn yìí: ìyìn àti ẹkún nínú èémí kan. Dáfídì kò fi ìlà kan ṣoṣo rántí ọ̀kọ̀ tí Sọ́ọ̀lù sọ lù ú. Kò sì sọ pé Ọlọ́run ti bá òun ṣẹ́gun ọ̀tá òun, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà ìtẹ́ ṣí sílẹ̀ fún un lọ́jọ́ náà gan-an. Nínú gbogbo ewì ẹni òróró, èyí ni mo fẹ́ràn jù.

Dáfídì fúnra rẹ̀ ńkọ́? Òróró kàn án lórí ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù nígbà tó ṣì jẹ́ olùṣọ́ àgùntàn. Ó ṣẹ́gun Gòláyátì, lẹ́yìn náà ihò Ádúlámù ni, lẹ́yìn náà aginjù, ihò Ẹ́ń-gédì, àti Síkílágì tí wọ́n sun ní iná. Òróró ló lé e jáde nílé, kí a sọ ọ́ bó ṣe rí. Ní Ẹ́ń-gédì ni Sọ́ọ̀lù wọ inú ihò tí Dáfídì wà, Dáfídì sì gé etí aṣọ rẹ̀ nìkan. Ó ní kí Olúwa má jẹ́ kí òun na ọwọ́ òun sí ẹni òróró Olúwa. Mo fẹ́ kí a kíyè sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹni tí idà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì ń dá dúró.

Ẹsẹ mìíràn tó jọ èyí wà nínú Sáàmù 105: "Ẹ má ṣe fi ọwọ́ kan ẹni òróró mi." Kò sí ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ilẹ̀ wa tí kò mọ ọ́n. Bí ọmọ ìjọ bá bèèrè bí wọ́n ṣe ná owó ilé Ọlọ́run, bí obìnrin kan bá sọ ohun tí aṣáájú ìjọ ṣe sí i, ẹsẹ yìí ni wọn yóò fi pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ẹsẹ mẹ́ta tó ṣáájú rẹ̀. Àwọn tí ibẹ̀ ń pè ní ẹni òróró ni Ábúráhámù, Ísáákì àti Jákọ́bù, ní ìgbà tí wọn kò ju ìwọ̀nba kéékèèké lọ, tí wọ́n jẹ́ àlejò, tí wọ́n ń ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn láì ní ilẹ̀. Àwọn tí Olúwa sì ń bá wí nítorí wọn ni àwọn ọba. Ààbò aláìnílẹ̀ kúrò lọ́wọ́ alágbára ni ẹsẹ náà. Ẹni tó bá wá gbé e sókè láti orí àga ńlá láti fi dẹ́rù ba opó tó ń bèèrè ọ̀rọ̀ ti gba ohun ìní àwọn aláìní lọ́wọ́ wọn. Inú máa ń bí mi sí i, mi ò sì rò pé ìbínú náà kò tọ́.

Sáàmù 18 ni orin ìṣẹ́gun Dáfídì tó tóbi jù, ó sì tún wà ní orí 22 Sámúẹ́lì Kejì. Ọ̀pọ̀ wa mọ apá tó ní Olúwa ń kọ́ ọwọ́ mi ní ogun. Kó tó dé ibẹ̀, okùn ikú ti yí i ká, omi púpọ̀ ti bò ó, Ọlọ́run sì ní láti na ọwọ́ láti òkè wá kó tó rí i fà jáde. Ẹsẹ tó kẹ́yìn ló dárúkọ ẹni òróró. Báyìí ni ìwé Sámúẹ́lì ṣe wà: orin Hánà ní ìbẹ̀rẹ̀, ìdárò Gílíbóà láàrin, orin Dáfídì ní apá ìparí, òróró sì wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ibi tí mo ti rí ìtò yìí gbangba jù ni Sáàmù 20, 21 àti 22. Èyí àkọ́kọ́ ni àdúrà ìjọ fún ọba tó ń lọ sí ojú ogun: àwọn kan gbẹ́kẹ̀ lé kẹ̀kẹ́ ogun, àwọn kan gbẹ́kẹ̀ lé ẹṣin, Olúwa yóò gba ẹni òróró rẹ̀ là. Èkejì ni ọpẹ́ nígbà tó padà dé: Ọlọ́run fi adé wúrà dáradára dé e lórí, ó tọrọ ẹ̀mí, Ọlọ́run sì fún un, àní ọjọ́ gígùn láé àti láéláé. Ẹ ṣí i sí èkẹta: "Ọlọ́run mi, Ọlọ́run mi, èéṣe tí ìwọ fi kọ̀ mí sílẹ̀?" Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ní kòkòrò ni òun, òun kì í ṣe ènìyàn. Ahọ́n rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n ń ṣẹ́ kèké lórí aṣọ rẹ̀, àwọn màlúù Báṣánì yí i ká. Sáàmù 22 kò lo orúkọ ẹni òróró, àkọlé rẹ̀ kàn fi í fún Dáfídì ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé e ti Sáàmù 21 fẹ́ kí a gbọ́ méjèèjì láti ẹnu kan, mo gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Nínú Ìwé Àdúrà Áńgílíkà ti 1662, níbi tí wọ́n ti pín Sáàmù sí ọgbọ̀n ọjọ́, Sáàmù 20 àti 21 bọ́ sí òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, Sáàmù 22 bọ́ sí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà. Adé wúrà ní àárọ̀, ìkọ̀sílẹ̀ ní alẹ́.

Sáàmù 22 yí padà láàrin. Láti ẹsẹ 22 lọ, olórin náà wà láàrin àwọn arákùnrin rẹ̀, ó ń yin Olúwa, àwọn tálákà ń jẹun, wọ́n yó, gbogbo òpin ayé ń rántí. Kò sọ bí wọ́n ṣe yọ ọ́. Àwọn oníwàásù kan máa ń sáré lọ síbẹ̀ tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ igbe Jésù lórí àgbélébùú, pé ìṣẹ́gun tó wà ní ìparí ló ní lọ́kàn. Mi ò lè bá wọn sáré. Ẹsẹ kìíní ló ké, ó sì ké e ní ohùn rara. Ìparí Sáàmù náà jẹ́ òtítọ́, igbe náà pẹ̀lú jẹ́ òtítọ́.

Nígbà tí àìsàn gbé bàbá mi dè, oríṣiríṣi Sáàmù ni àwọn ènìyàn gbé wá sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀. Wọ́n kà á sínú omi, wọ́n kà á sí òróró, bí àwa ọmọ ilẹ̀ yìí ṣe mọ̀ ọ́n ṣe láti ìgbà tí àwọn ìjọ Aládùúrà ti dìde, mi ò sì rí ohun tó burú níbẹ̀. Sáàmù 118, ẹsẹ 17, ni màmá mi dì mú: "Èmi kì yóò kú, bí kò ṣe yíyè." Bàbá mi kú. Fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà, màmá mi kò lè gba ọ̀rọ̀ ìṣẹ́gun kankan sí etí. Tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ níbi ìpàdé, yóò dìde jáde. Àwọn kan ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti tutù. Bàbá ìjọ kan tó ti dàgbà wá sílé, ó kí i, ó jókòó, ó ní, "Ìyá Adé, ẹ jẹ́ kí n ka nǹkan kan fún yín," ó sì ka Sáàmù 89 láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò wàásù. Nígbà tó dé "níbo ni ìṣeun ìfẹ́ rẹ àtijọ́ wà," màmá mi ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Mo wà nínú yàrá náà, mo sì gbọ́ bí obìnrin náà ṣe sọ pé òun kò mọ̀ pé ó wà nínú Bíbélì pé ènìyàn lè bi Ọlọ́run bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà, àdúrà líle.

Ìwé Àdúrà kan náà yan Sáàmù 89, 110 àti 132 fún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Kérésìmesì. Ẹni tó yàn wọ́n mọ̀ pé ẹni òróró tí à ń yọ̀ nítorí ìbí rẹ̀ lọ́jọ́ náà ń gbé ìran ọba tó ṣubú dání wá sáyé. Sáàmù 110 fi í jókòó ní ọwọ́ ọ̀tún Ọlọ́run, ó fọ́ àwọn ọba ní ọjọ́ ìbínú, síbẹ̀ ẹsẹ tó kẹ́yìn ní yóò mu nínú odò lójú ọ̀nà, bí ẹni tí òùngbẹ ogun ti gbẹ. Ọ̀rọ̀ tí Sáàmù 132 fi bẹ̀rẹ̀ ni pé kí Olúwa rántí Dáfídì àti gbogbo ìpọ́njú rẹ̀. Orí adé tó ń tàn ló parí sí. Níbẹ̀, ìpọ́njú ni wọ́n gbé síwájú Ọlọ́run bí ẹni ń gbé ìwé ẹ̀rí kalẹ̀. Wọn kò gbé àwọn ogun tí Dáfídì ṣẹ́ kalẹ̀.

Ní ti Àìsáyà 53, ìránṣẹ́ tí a pa lára nítorí ìrékọjá wa, ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ ju kí n fi ìlà díẹ̀ kó o nílẹ̀. Ìránṣẹ́ ni ibẹ̀ pè é, kò pè é ní ẹni òróró. Àwa Krístẹ́nì ń rí Jésù níbẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn Júù sì ń rí Ísírẹ́lì fúnra rẹ̀. Ohun tí méjèèjì jọ rí ni pé ewì náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìgbéga ìránṣẹ́ ní orí 52, ẹsẹ 13, kó tó sọ ọ̀rọ̀ ọgbẹ́ rẹ̀ kan.

Bí àwọn àpọ́sítélì ṣe lo Sáàmù 2 ni mo fẹ́ kí a wò. Sáàmù ìṣẹ́gun pátápátá ni: àwọn ọba ayé dìde sí Olúwa àti sí ẹni òróró rẹ̀, Ẹni tó jókòó ní ọ̀run rẹ́rìn-ín, ọ̀pá irin yóò fọ́ wọn bí ìkòkò amọ̀. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 4, wọ́n ti Pétérù àti Jòhánù mọ́lé di ọjọ́ kejì, wọ́n halẹ̀ mọ́ wọn, wọ́n fi wọ́n sílẹ̀. Àwọn méjèèjì padà lọ bá àwọn ẹgbẹ́ wọn, gbogbo wọn sì gbé Sáàmù 2 sókè nínú àdúrà. Ẹsẹ kìíní àti ìkejì ni wọ́n kà. Wọ́n dárúkọ Hẹ́rọ́dù àti Pọ́ńtíù Pílátù bí àwọn tó kó ara wọn jọ sí Jésù tí Ọlọ́run fi òróró yàn. Ọ̀pá irin wà nínú ẹsẹ 9, wọn kò fọwọ́ kàn án. Ohun tí wọ́n tọrọ ni ìgboyà láti máa sọ ọ̀rọ̀ náà, àti kí Ọlọ́run na ọwọ́ rẹ̀ láti wo àwọn aláìsàn sàn.

Nígbà tó di orí 12, Hẹ́rọ́dù mìíràn fi idà pa Jákọ́bù arákùnrin Jòhánù. Ó mú Pétérù pẹ̀lú, ó fi ọmọ ogun 16 ṣọ́ ọ. Pétérù jáde, ẹ̀wọ̀n já lọ́wọ́ rẹ̀ lóru. Ìjọ kan náà ni, Lúùkù tó kọ ìwé náà kò sì sọ ìdí tí ọ̀kan fi lọ tí èkejì fi bọ̀. Ó sọ pé ọjọ́ àkàrà àìwú ni. Ní àkókò Ìrékọjá, Sáàmù 113 sí 118 ni àwọn Júù máa ń kọ. Sáàmù 116 wà nínú wọn: "Iyebíye ni ikú àwọn àyànfẹ́ rẹ̀ ní ojú Olúwa." Sáàmù 118 wà nínú wọn pẹ̀lú: "Èmi kì yóò kú, bí kò ṣe yíyè." Ẹni tó bá kọ èyí tán ní láti kọ ìyẹn kí orin àjọ̀dún náà tó pé.